Ẹ Gbé E Sí Òsì

Ọjọ́rú, 12 oṣù kìíní, 1994

Wọ́n ti gé owó sí méjì. Rédíò ló sọ ọ́ lálẹ́ àná, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Franc tó wà lápò ẹ lánàá ṣì wà níbẹ̀, iye rẹ̀ kò yẹ̀, àmọ́ kò lè ra ohun tó ń rà mọ́. Bàbá jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Marché Dakar, ọjà kan ní Douala níbí, ó ń wo àwọn abọ́ tánganran àti bútà tó kó wá láti ilé, ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jà á lólè. Oníbàárà kan bi í pé èló ni abọ́ ńlá. Bàbá ní, "Mi ò mọ̀." Bàbá mi! Ọkùnrin tó lè pe iye ọjà lójú oorun.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Ètè mi ti là.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kìíní

Èmi ni wọ́n yàn.

Bàbá ní òun kò lè san owó ilé-ìwé mọ́, pé ẹni tó ń ná òun lówó ni yóò dúró sílé. Kò dárúkọ. Kò nílò àtidárúkọ. Kọ́lẹ́jì Palétuviers kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, Baraka àbúrò mi sì wà níbẹ̀, òun ló ń gbá ọwọ́ òsì. Èmi tí mo ṣe ipò kẹrin nínú kíláàsì, ipò kẹrin kò ní àwọ̀n tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí ọdún yìí nìkan."

Ó ní, "Ràhmọ̀t, ṣé èmi ni mo gé owó ni?"

Màmá kọjú sí ààrò ẹja, ó ń fẹ́ iná tó ti ń jó dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ọdún kan péré ni mo fi ju Barakatullahi lọ. Kò lè kọ lẹ́tà mẹ́wàá kó má gbàgbé méjì. Ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, òun ni wọ́n wá fi sílẹ̀ nínú ilé-ìwé. Lálẹ́, ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Mo ní kó dìde lórí ẹní mi.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kìíní

Ọ̀mì. Òdo sí òdo. Èmi tí mo ru abọ́ ẹja láti Youpwè létí omi, níbi tí a ti ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, tí mo purọ́ fún Màmá pé oníbàárà kan ń dúró dè mí, òdo ni mo lọ wò.

Ìdíje àwọn kọ́lẹ́jì bẹ̀rẹ̀ lónìí, àwọn Déïdo ni a bá gbá a. Mo ṣì ń sọ pé "a". Ahọ́n mi kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti lé mi.

Mesié Ngando ni kóòṣì, òun ló ń kọ́ wa ní ìtàn. Ó mọ ọdún tí ọba Faransé kọ̀ọ̀kan kú, àmọ́ lórí pápá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: "Devant!" Iwájú! Amùlé mú bọ́ọ̀lù: devant! Ọwọ́ ẹ̀yìn gba bọ́ọ̀lù: devant! Wọ́n á gbá a sókè, bọ́ọ̀lù á lọ kí àwọn àdán, á wá já bọ́ sórí Jonah, tó ga bí òpó iná, tó sì dúró bí òpó iná. Àwọn Déïdo fi ènìyàn mẹ́ta yí i ká. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Bí olè bá ń gba ojú fèrèsé kan náà wọlé lójoojúmọ́, ọmọdé ló máa mú un.

Baraka wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì lóun nìkan, ó fọwọ́ bàdí, bí ẹni tó ń dúró de táksí ní Bonanjo, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì, lọ́jọ́ ìsinmi. Pápá ṣófo níwájú rẹ̀. Ènìyàn lè gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Akínọlá tó ń gbá àárín, ọmọ mẹkáníìkì tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa, gba bọ́ọ̀lù, ó gbójú sókè, mo rí i pé ó fẹ́ gbé e sí òsì. Mesié figbe ta. Akínọlá gbá a sókè.

Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn wọ̀nyí ń yin ẹyẹ níbọn." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kìíní

Màmá mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ó ní kí n ha eérú inú ààrò. Mo ha á.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kìíní

A borí àwọn Bonabéri, oókan sí òdo, ó sì dùn mí.

Jonah bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ ẹ̀yìn wa kàn gbá sókè láìwo ibì kan já lé e lẹ́yìn, ó yí, ó wọ àwọ̀n. Jonah gan-an kò mọ̀, ariwo ló jẹ́ kó gbórí sókè. Mesié Ngando bọ́ kóòtù, ó ń jù ú sókè, ó ń pariwo pé, "Ẹ rí i? Ẹ̀kọ́ nìyẹn! Ẹ̀kọ́ nìyẹn!"

Baraka fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ju bó ṣe fẹsẹ̀ kàn án lọ. Jíju bọ́ọ̀lù wọ pápá nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe.

Epo pupa ti gbówó lórí gan-an. Igi ìyanja náà. Àwọn apẹja ní ńẹ́ẹ̀tì tuntun kò ṣeé rà mọ́, nítorí náà ẹja kékeré náà ti di ẹja ńlá lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kìíní

Mesié wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lónìí láti ra abọ́. Èmi ni mò ń nu ọjà. Ó yẹ abọ́ wò síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló ní, "Tonton, ọmọ yín ń sùn lórí pápá o."

Bàbá ní, "Mesié, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i."

"Mo fún un ní eré méjì sí i. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ṣe rí fún ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́."

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Mesié, wọn kì í fún un ní bọ́ọ̀lù."

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí ní káàárọ̀. "Àwọn ọmọbìnrin náà ń wo bọ́ọ̀lù?"

"Ràhmọ̀t," Bàbá ní, "lọ bá ìyá ẹ nídìí ẹja."

Mo lọ. Mesié ra abọ́ náà ní iye tí wọ́n ń tà á kí wọ́n tó gé owó, Bàbá sì tún bá a dì í sínú bébà.

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà. Mo ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ kí Baraka náà kúrò nílé-ìwé kí ojú wa bára dọ́gba. Ó jọ pé àdúrà náà ti fẹ́ gbà. Kò dùn bí mo ṣe rò.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kejì

Àwọn Bassa gbá wa yángá. Devant, devant, devant. Lẹ́yìn góólù kẹta àwọn Bassa gan-an ń bá Mesié pariwo rẹ̀: "Devant!" wọ́n á sì sán àtẹ́wọ́. Ó yọ Baraka ní abala kejì. Eré kan ló kù fún un.

Ní ọ̀nà ilé mo ní, "Kí ló dé tí o ò bèèrè bọ́ọ̀lù?"

"Mo bèèrè. Ẹnu ń ro mí."

"Kí ló dé tí o ò wá a lọ?"

"Bí mo bá kúrò ní ẹ̀gbẹ́, á ní mo kúrò níbi iṣẹ́. Ràhmọ̀t, ṣé ìwọ ni kóòṣì ni?" Ó ń sunkún, ó sì ń ṣe bí ẹni pé eruku ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kejì

Mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo pe Baraka àti Akínọlá sídìí àtẹ. Mo to ẹ̀wà mọ́kànlá, òkúta tí mo ti ṣà kúrò ni mo fi ṣe ọ̀tá.

"Ẹ wò ó. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ìwọ Akínọlá ti gba bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn á sá lọ bá Jonah, nítorí gbogbo Douala ló mọ̀ pé Jonah lẹ ó gbé e fún. Ẹ̀gbẹ́ òsì á ṣófo. Bó bá ti ṣófo, gbé e síbẹ̀. Nílẹ̀! Má gbé e sókè."

Akínọlá ní, "Mesié á pa mí."

"Mesié kò lẹ́sẹ̀ nínú pápá. Bó bá wọlé, tó wọlé, ta ló máa bi ẹ́ pé ọ̀nà wo ló gbà?"

"Mi ò sì lè rí Baraka. Bí mo bá gba bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí i."

"Èmi á rí i fún ẹ. Mo máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, màá pariwo. Bí mo bá ní 'òsì', tì í sí òsì. Bí mo bá ní 'dúró', ẹ̀yin méjèèjì ẹ dúró kí àwọn yòókù sá kọjá."

Yorùbá Akínọlá kò pọ̀, ibí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ó gbọ́ ìyẹn. Baraka ní, "Gbogbo ènìyàn á gbọ́ ẹ."

Mo ní, "Ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀? Bí mo bá fi Faransé pè é, Mesié á gbọ́, á yọ yín. Yorùbá ni."

Màmá ní kí n kó ẹ̀wà òun kúrò lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, omi ti hó.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kejì

Éjì sí òdo! Éjì sí òdo! A gbá àwọn Bali bí ẹni gbá ilẹ̀!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn mi kò jáde, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn náà Akínọlá gba bọ́ọ̀lù, mo rí i tí àwọn òkúta mi ń sáré lọ bá Jonah bí mo ṣe tò wọ́n sórí àtẹ gan-an, mo sì lọgun, "Òsì!" Kò wẹ̀yìn. Ó kàn tì í. Bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ lọ, Baraka bá a, ó gé e sínú, ó gbá a. Àwọ̀n mì.

Mesié ti la ẹnu láti bú Akínọlá. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, igbe ayọ̀ ló gbabẹ̀ jáde.

Góólù kejì, "dúró" ni. Wọ́n dúró, àwọn Bali sáré kọjá bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ń fi sílẹ̀, Baraka bá ara rẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú amùlé. Mo sunkún. Mi ò tíì sunkún láti ìgbà tí wọ́n yọ mí, góólù ló mú mi sunkún, nǹkan ẹ̀sín.

Mesié dì mọ́ Baraka. Ó ń sọ fún ọ̀gá kọ́lẹ́jì pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún wọn kí wọ́n lo òsì. Ó ti pẹ́!

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kejì

Ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo kọ́lẹ́jì yan níwájú gómìnà ní Bonanjo. Mo dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú abọ́ ẹja lórí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kọjá nínú aṣọ búlúù. Èjìdé tá a jọ ń jókòó rí mi, ó fẹ́ juwọ́, ó wá rántí pé wọn kì í juwọ́ tí wọ́n bá ń yan. Tàbí kò rántí nǹkan kan. Obìnrin kan ní, "Ọmọ ẹlẹ́ja, yẹra, o ń dí mi lójú."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kejì

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò gbààwẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kejì

A borí àwọn New-Bell, éjì sí oókan, a ti kù sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Òsì méjèèjì. Ọ̀fun mi gbẹ bí ẹja ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mi ò sì lè mu omi.

Lẹ́yìn eré Mesié fìka pè mí. "Toi là. Wá." Mo ní ó ti tán.

"Kí lo máa ń sọ nígbà tí o bá ń pariwo yẹn?"

Mo wo Baraka. Baraka, tí kò lè kọ lẹ́tà, ó dáhùn kíá: "Àdúrà ni, Mesié. Àdúrà ilẹ̀ wa."

Mesié mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ̀. Mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá ti pè é, bọ́ọ̀lù á yí ọ̀nà padà." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ní eré tó ń bọ̀, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kó má fi agbára pamọ́."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Mo sọ òótọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó wò mí bí ewúrẹ́. Ó gbọ́ pé oògùn ni, ó ní kí n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọkùnrin tó ka ìwé débi tó ka á dé.

Akínọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má kọ irọ́ àdúrà náà sí mi lọ́rùn, oṣù mímọ́ ni, Baraka ló pa á.

Ọjọ́rú, 23 oṣù kejì

A ti dé àṣekágbá! Mesié gbé àga fún mi. Àga! Amùlé àwọn Déïdo, àwọn tó bá wa gbá ọ̀mì níjọ́sí, kò jẹ́ wo ojú mi, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú rẹ̀ bí mo bá ti lanu. Wọ́n ti ń pè mí ní "la marabout", aáfà olóògùn. Oókan sí òdo, Baraka.

Bàbá gbọ́ lọ́jà. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn ti Brazil." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí eyín rẹ̀ láti oṣù kìíní. Ó pọn Baraka lé, ó fi ẹran kún ìṣínu rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Ọ̀gá kọ́lẹ́jì ní bí wọ́n bá gba ife-ẹ̀yẹ, kò sẹ́ni tó máa kúrò nínú ẹgbẹ́ títí wọ́n á fi jáde. Baraka á parí. Ẹnìkan nínú wa á parí.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kejì

Sàláwù ọmọ Alhaji oníbàtà wá ra bútà fún ìyá rẹ̀. Òun ló ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún àwọn Akwa tí a máa bá pàdé ní Sátidé, ẹ̀gbẹ́ Baraka gan-an. Bàbá ní, "Ọmọ Alhaji, ara ò le bí?" Ó ní, "Ça va, tonton." Bàbá tún ní, "Ìyá ńkọ́?" Ó ní, "Elle va bien." Faransé ló fi dáhùn méjèèjì, kò dọ̀bálẹ̀, ó kó ọwọ́ sápò.

Màmá yọjú láti ẹ̀yìn. Mo sọ fún un níṣojú ọmọ náà, "Màmá, ẹ wo irun orí ẹ̀ bí ilé ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kó ra bútà dáadáa, torí omijé ló máa pọn sínú ẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an la máa gbà wọlé."

Màmá ní, "Ràhmọ̀t, ẹnu ẹ."

"Kí ló gbọ́?"

Sàláwù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sanwó, ó ní merci.

Lẹ́yìn tó lọ Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, "Àwọn tí wọ́n bí síbí, èdè ti bọ́ lẹ́nu wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ó kù ju bó ṣe rọ̀ lọ. Mi ò lè sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹta

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí màá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Pápá Bépanda kún. Mesié fi àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó wọ kóòtù. Ó ní, "Lónìí, má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ikùn."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Akínọlá. Mo lọgun, "Òsì!" Akínọlá tì í. Sàláwù ti wà níbẹ̀. Mo ní ó ṣèèṣì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, "Òsì!" Sàláwù ti wà níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sáré, ó rìn lọ gbà á bí ẹni lọ gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo pa ohùn dà, mo ní "Tì í síwájú ẹ̀!" Ó ti wà níwájú. Baraka ń sá káàkiri bí adìyẹ tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tì. Kí abala kìíní tó parí, Sàláwù gba ọ̀kan mọ́ Baraka lẹ́sẹ̀, ó gbé e fún àwọn tiwọn, wọ́n jẹ ẹ́. Oókan sí òdo.

Ní ìsinmi Mesié dì mí léjìká. "Wọ́n ti fi nǹkan dè ọ́. Àwọn náà ti lọ ilé aláwo. Pariwo kó ju tiwọn lọ!" Òógùn bò ó. Baraka jókòó sílẹ̀, ó gbé ojú sókè sí mi, ó ń retí. Ó gbààwẹ̀ gbá a. Ètè rẹ̀ funfun.

Abala kejì, Akínọlá gba bọ́ọ̀lù, mo sì kígbe, "Dúró!"

Gbogbo pápá ń sáré. Akínọlá dúró. Baraka dúró. Nínú àwọn Akwa mọ́kànlá, ẹnìkan ṣoṣo ló dúró.

Sàláwù yí orí padà láti ọ̀ọ́kán, ó wò mí, ó sì fi ìka kan etí rẹ̀.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe jẹ góólù kejì. Mo gbọ́ ariwo nìkan. Mò ń rí Màmá tó yọjú láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ ẹnu ara mi.

Ohùn mi dákẹ́. Mesié ń pariwo, "Crie! Crie!" Kígbe! Kí ni kí n kígbe? Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Sàláwù á gbọ́. Bí mo bá fi Faransé pè é, gbogbo wọn á gbọ́, Mesié náà á sì mọ irú àdúrà tí mo ń gbà. Akínọlá ń wo ọ̀dọ̀ mi kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó ń wò mí, wọ́n ń gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Baraka ń wò mí. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́ láìsí mi. Èmi ni mo sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn Akínọlá ṣíwọ́ wíwò mí. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó sì gbé e sókè. Bọ́ọ̀lù gòkè lọ kí àwọn àdán. Jonah fò. Jonah, òpó iná, fò! Ó fi orí kàn án, ó wọlé.

Mesié fi eékún kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù. "Devant!" ó ń sunkún. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Láti oṣù kìíní! Devant!"

Éjì sí oókan ló parí sí. Àwọn Akwa gba ife-ẹ̀yẹ wọn.

Sàláwù ló wá bá wa. Ó gbé bàtà kọ́ ọrùn. Yorùbá tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ki ju tèmi lọ. "Ẹ kú ariwo o, Àǹtí. Orí tó dà bí ilé ẹyẹ yìí, ó létí o."

Mo ní, "Faransé lo fi dá Bàbá lóhùn."

"Ìyá mi àgbà wà nílé, wọn ò gbọ́ èdè míì. Àwa la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Ẹ ò bi mí bóyá mo gbọ́. Ẹ kàn ń bú mi lọ." Ó yíjú sí Baraka. "O mọ̀ ọ́n gbá o, jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi níjọ́ tí mo wá ra bútà."

Ó lọ. Baraka ní, "Kí lo sọ fún un?"

Mo ní, "Jẹ́ ká lọ sílé, ó ti fẹ́ tó àkókò ìṣínu."

"Ràhmọ̀t. Kí lo sọ fún un?"

Mo sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì, ibẹ̀ ló gbà délé.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹta

Baraka ti ilé-ìwé dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ó fi kọ́ èjìká. Mesié ní òsì ló pa wá, gbogbo bọ́ọ̀lù tó lọ sí òsì ni wọ́n gbà, ẹni tó ń gbá òsì kò wúlò, wọ́n sì ti yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Wọn kò yọ Akínọlá, òun ló gbé e sókè.

Bàbá bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn gbá a síwájú bí kóòṣì ṣe wí?"

Baraka kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá." Ì bá sọ ọ́. Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ì bá sọ ọ́ kí wọ́n nà mí, kó tán.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹta

Ìtúnu àwẹ̀. Bàbá kò rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bu ẹran tèmi sí abọ́ Baraka. Ó jẹ ìrẹsì, ó fi ẹran náà sílẹ̀. Ológbò jẹ ẹ́.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lọ Youpwè. Kò mọ ẹja ṣà. Màmá ló ń kọ́ ọ, Baraka kò jẹ́ kí èmi kọ́ òun.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹrin

Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. A ń bọ̀ láti Youpwè, èmi níwájú pẹ̀lú abọ́ ńlá, Baraka lẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ kejì. Ọ̀nà ẹ̀yìn pápá kọ́lẹ́jì ni mo gbà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀.

Wọ́n ń bá àwọn kan gbá eré ọ̀rẹ́. Ọmọ tuntun kan wà ní òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń lò, ṣẹ́ẹ̀tì Baraka ló wọ̀. Mesié dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Akínọlá gba bọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀tá sá lọ bá Jonah, mo sì gbọ́ ohùn Mesié:

"À gauche! Par terre! À gauche!"

Òsì. Nílẹ̀. Òsì.

Akínọlá tì í láìwẹ̀yìn. Ó gba ilẹ̀ lọ. Ọmọ náà bá a nínú àyè tó ṣófo yẹn, ó gé e sínú, ó sì gbá a, àwọ̀n mì, mo ti fò sókè, mo ti na ọwọ́ méjèèjì, mò ń kígbe "Góólù!" kí n tó rántí pé nǹkan wà lórí mi. Gbogbo ẹja dà sínú ẹrẹ̀.

Mo yíjú. Baraka dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, ó ti rí gbogbo ẹ̀, ó ti rí èmi náà. Ó sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.